Igi Ńlá Tó Wọ Inú Fóònù: Bá A Ṣe Ń Wo Ìran Kòrónà

Ẹ ki íapíìsì sétí, ọ̀rọ̀ igi la fẹ́ sọ lónìí.

Jínóòmù kòkòrò Kòrónà gùn tó nǹkan bí 30,000 lẹ́tà. Bó ṣe ń ti ara ẹnì kan bọ́ sára ẹlòmíì, lẹ́tà kan lè yí padà. Ọmọ á jogún àyípadà yẹn, á tún fi tiẹ̀ kún un. Ẹ wò ó bí ilà ojú: àwọn tí ilà wọn jọra, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ ọmọ ilé kan náà. Bá a bá fi ilà yìí tò wọ́n, ìran wọn á yọ bí igi. Baba ńlá wà nídìí, jínóòmù kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ewé.

Wàhálà ibẹ̀ rèé: jínóòmù Kòrónà tí wọ́n ti kà káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 10. Ká ní ewé kọ̀ọ̀kan gba mìlímítà 1 péré, igi náà á gùn ju kìlómítà 10 lọ. Ẹ ronú Third Mainland Bridge! Fóònù wo ló fẹ́ gbé e?

Àwọn Nextstrain máa ń ṣa ẹgbẹ̀rún mélòó kan nínú ewé yẹn, wọ́n á yà á. Ó dáa fún ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí àrùn ń lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ ewé kan pàtó lẹ̀ ń wá, ó lè má sí níbẹ̀.

Taxonium, tí Theo Sanderson ṣe ní London, gba ọ̀nà míì. Ẹ rántí Google Maps: tẹ́ ẹ bá ń wo Nàìjíríà látòkè, kì í ya gbogbo àdúgbò. Ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, àdúgbò yín á jáde. Bí Taxonium náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ohun tójú lè rí nìkan ló ń yà, ìyókù ń dúró de ìka yín. Orí bráwúsà lásán ló ti ń ṣiṣẹ́.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ACEGID tó wà ní Ẹdẹ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ka jínóòmù Kòrónà nílẹ̀ Áfíríkà. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ẹ̀ka kan tí wọ́n sọ ní Eta yọjú ní Nàìjíríà àti ní Bìrìtìkó. Láàárín mílíọ̀nù ewé, tiwa ò pọ̀. Igi tí ò gé ewé kankan dà nù ni wọn ò ti ní sọnù.

Ewé kọ̀ọ̀kan yẹn, èèyàn kan ni wọ́n ki òwú bọ̀ nímú kó tó débẹ̀. Ẹ má gbàgbé ìyẹn tẹ́ ẹ bá ń fìka fà á.

Ó dìgbà kan ná o.