Ta Ni Yóò Kọ́ Ẹni Tí Yóò Kọ́ Ọmọ? Ẹ̀kọ́ Láti Ouagadougou

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́)

 

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí yunifásítì, ilé-ìwé àti ará ìlú ṣe lè fọwọ́sowọ́pọ̀ láti kọ́ olùkọ́ ní iṣẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jókòó síbí ni ó jẹ́ olùkọ́. Òṣìṣẹ́ ojú irin wà nínú wa, nọ́ọ̀sì wà nínú wa, àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá àti ní ìjọba ìbílẹ̀ náà wà níbí. Ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí á rí ẹnì kan nínú wa tí kò ní ọmọ, àbúrò tàbí ọmọ-ọmọ ní ilé-ìwé. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò kọ́ ẹni tí yóò kọ́ ọmọ? Ìbéèrè yìí kan gbogbo òṣìṣẹ́.

N kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Mo fẹ́ mú yín lọ sí Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, orílẹ̀-èdè tí ó wà ní òkè Gánà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1979 fi hàn wá bí iṣẹ́ olùkọ́ ṣe ń bàjẹ́, àti bí ó ṣe ń gún. Lẹ́yìn náà ni a ó padà sí Ilé-Ifẹ̀, a ó sì wo ojúṣe ẹgbẹ́ wa.

ỌDÚN TÍ A LÉ OLÙKỌ́

Ní ọdún 1979, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe orílẹ̀-èdè náà ní Upper Volta, ìjọba bẹ̀rẹ̀ àtúntò ẹ̀kọ́. Wọ́n yan àwọn ilé-ìwé kan láti fi èdè Mooré, Dioula àti Fulfulde kọ́ àwọn ọmọdé, kí ó má ṣe jẹ́ èdè Faransé nìkan ni ọmọ yóò bá pàdé ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ kíláàsì. Mooré ni èdè àwọn Mossi, òun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń sọ ní Ouagadougou àti àyíká rẹ̀. Dioula ni èdè ọjà ní apá ìwọ̀-oòrùn, Fulfulde sì ni èdè àwọn Fúlàní. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1984, ìjọba pàṣẹ kí wọ́n dá a dúró, ó sì dúró.

Ọ̀ràn mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1984 yìí kan náà. Ní oṣù kẹta, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tí à ń pè ní SNEAHV daṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba Thomas Sankara kò fẹ́ gbọ́. Ó lé olùkọ́ tí ó lé ní 1,000 kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kó àwọn ẹlòmíràn tí a fi ìkánjú dá lẹ́kọ̀ọ́ síwájú àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Áfíríkà ni ó ń bọlá fún Sankara títí di òní, nítorí pé kò kó owó ìlú jẹ, ó sì mú kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọdé gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. A gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, olùkọ́ kì í ṣe búlọ́ọ̀kù tí a lè yọ lára ògiri ní òwúrọ̀, kí a fi òmíràn dí ojú ihò náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn tí ìjọba náà ṣubú ní oṣù kẹwàá ọdún 1987, wọ́n gba àwọn olùkọ́ tí a lé padà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì ní gbogbo àkókò yẹn, ta ni yóò dá ọdún wọn padà fún wọn?

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun méjì yìí sọ́kàn. Èkíní, àtúntò tí ó ti òkè wá lè ti òkè pòórá. Èkejì, ìjọba tí ó bá rò pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti mọ̀wé kà lè kọ́ni, kò ní ka ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ sí, kò sì ní ka olùkọ́ fúnra rẹ̀ sí.

NOMGANA ÀTI GOUÉ

Ní ọdún 1994, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n tún iṣẹ́ náà gbé dìde. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìjọba nìkan ni ó dá a gbé. Ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ kan láti Switzerland, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ OSEO nígbà náà tí ó sì ń jẹ́ Solidar Suisse lónìí, ni ó bá mínísítírì ẹ̀kọ́ ṣe é. Ẹ kíyèsí ẹgbẹ́ yìí dáadáa. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Switzerland àti ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó sún mọ́ wọn ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1936. Irú wa ni wọ́n.

Abúlé méjì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Nomgana àti Goué, ní agbègbè Oubritenga tí kò jìnnà sí Ouagadougou. Ẹni mẹ́ta ni ó gbé ẹrù náà.

Ẹni àkọ́kọ́ ni yunifásítì. Wọ́n dá Yunifásítì Ouagadougou sílẹ̀ ní ọdún 1974. Lónìí, ó ń jẹ́ orúkọ Joseph Ki-Zerbo, òpìtàn àti olùkọ́ tí a bí ní Toma ní ọdún 1922, tí ó sì kú ní ọdún 2006. Ọ̀jọ̀gbọ́n Norbert Nikièma, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ní yunifásítì náà, jẹ́ ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí èdè Mooré. Òun àti Paul Taryam Ilboudo ti OSEO jọ ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà fi ohun tí ó ti kọ́ ní èdè abínibí rẹ̀ ṣe àtẹ̀gùn láti kọ́ èdè Faransé. Ìmọ̀ tí ì bá wà nínú ìwé ní ibi ìkówèésí nìkan, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ abúlé.

Ẹnì kejì ni olùkọ́. Ẹ wò ó báyìí: olùkọ́ Mossi kan ń sọ Mooré ní ilé àti ní ọjà, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ ní iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò kọ Mooré sílẹ̀ rí. Kò mọ orúkọ tí yóò pe ìdá mẹ́ta nínú ìṣirò ní èdè ìyá rẹ̀. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ní láti padà di akẹ́kọ̀ọ́. Ní àkókò ìsinmi ni wọ́n ń pe wọ́n jọ láti kọ́ àkọtọ́, gírámà àti ọ̀nà ìkọ́ni tuntun. Nígbà tí wọ́n bá sì padà sí kíláàsì, wọn a rí ohun tí ó ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́. Ohun tí olùkọ́ rí nínú kíláàsì yìí, kò sí yunifásítì tí ó lè dá a mọ̀ láti inú ọ́fíìsì.

Ẹnì kẹta ni ará abúlé. Ẹgbẹ́ àwọn òbí wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ìyá náà sì wà lọ́tọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń pè wọ́n wá san owó páànù. Àwọn àgbà tí ó mọ ìtàn àti àṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ń wọ ilé-ìwé láti kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí wọ́n mọ̀. Àwọn ọmọ ń dá ọgbà, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n sì ń fi í kọ́ ìṣirò.

Ọdún 5 ni wọ́n fi ń parí ẹ̀kọ́ náà, dípò ọdún 6 tí àwọn ilé-ìwé yòókù ń lò. Ní ọdún kìíní, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ jẹ́ ní èdè abínibí, ìdá 10 ní Faransé. Ní ọdún kẹta, ó di ìdajì-ìdajì. Ní ọdún karùn-ún, Faransé ti gba ìdá 90.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń kọminú. Wọ́n ní, "Ṣé kí ọmọ wa lè jókòó ti ọkọ́ títí ayé ni ẹ ṣe ń fi èdè ilé kọ́ ọ?" Ìdánwò ni ó dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1998, nígbà tí àwọn ọmọ Nomgana àti Goué ṣe ìdánwò ìwé-ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó lé ní ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tí ó yege. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ìdá 42 ni. Nígbà tí ó fi di ọdún 2002 tí àwọn ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ sí i, ìdá 85 ni ó yege nínú wọn, nígbà tí ti gbogbo orílẹ̀-èdè kò pé 62.

Kí a má purọ́ fún ara wa. Àwọn ilé-ìwé náà kò pọ̀, ojú tí wọ́n fi ń tọ́ wọn sì ju èyí tí wọ́n fi ń tọ́ àwọn yòókù lọ. A kò lè sọ pé èdè nìkan ni ó ṣe é. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ẹni mẹ́ta jọ gbé ẹrù náà, ni kò fi já. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI KAN ẸGBẸ́

Síbẹ̀, ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́. Wọn a dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ fún irú ilé-ìwé yìí, kò ní pẹ́, ìwé ìpààrọ̀ ibi iṣẹ́ yóò dé, wọn a gbé e lọ sí ilé-ìwé tí a kò ti lo ohun tí ó kọ́. Wọn a sì gbé ẹni tí kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà rárá wá rọ́pò rẹ̀. Gbogbo làálàá yunifásítì, gbogbo ìsinmi tí olùkọ́ fi sílẹ̀, ó di òtúbáńtẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò lè tún èyí ṣe. Ará abúlé kò lè tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ ìpààrọ̀ ibi iṣẹ́, owó àjẹmọ́nú àti ìgbéga, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹni mẹ́ta kò tó. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ó yẹ kí ó ṣe ẹnì kẹrin.

ẸGBẸ́ WA ŃKỌ́?

Ohun tí Ouagadougou ń wá ní ọdún 1994, Ilé-Ifẹ̀ ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́. Olùkọ́ tí a dìídì kọ́ ni ó sì ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́. Gbogbo ayé gbọ́ nípa iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò di àṣà ní ilé-ìwé tí ọmọ tèmi tìrẹ ń lọ.

Ní ọdún 2022, Ìjọba Àpapọ̀ ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé e. Ẹni tí ó fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ẹni tí ó fẹ́ Yorùbá lè máa jiyàn lọ. Èyí tí ó yẹ kí ó ká wa lára ni pé àṣẹ dé, àṣẹ sì lọ, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ ì bá fi ṣe iṣẹ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ tún wo T.P. tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lọ ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò dé ilé-ìwé, olùkọ́ kíláàsì yóò fi ọ̀nà hàn án fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Olùkọ́ yunifásítì yóò wá lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, yóò jókòó lẹ́yìn, yóò kọ máàkì, yóò sì lọ. Ní ibi púpọ̀, olùkọ́ kíláàsì tí ó ṣe wàhálà náà kò ní gbọ́ "o ṣé" kan, ká má tilẹ̀ sọ̀rọ̀ owó. Ará ìlú kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ayálégbé ni yunifásítì ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ará ilé.

OHUN TÍ A GBỌ́DỌ̀ BÉÈRÈ

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá ọdún 1966, UNESCO àti ILO fọwọ́ sí ìmọ̀ràn kan lórí ipò olùkọ́, èyí tí ó gbà pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ olùkọ́ ní ohùn nínú ètò ẹ̀kọ́. Nítorí ọjọ́ yìí ni a ṣe ń ṣe Àjọ̀dún Olùkọ́ Lágbàáyé. Ẹ má jẹ́ kí ó parí sí orin àti ìyan bí ológun nìkan. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan béèrè nìyí:

1. Kí aṣojú ẹgbẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí yunifásítì àti ìjọba bá ń kọ àdéhùn lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i.

2. Kí olùkọ́ kíláàsì tí ó ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà ní àkókò fún un, kí ó sì gba owó àjẹmọ́nú.

3. Kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ gbà ní àkókò ìsinmi ní ìwé-ẹ̀rí tí a ó kà sí ìgbéga.

4. Kí a má ṣe gbé olùkọ́ tí a dá lẹ́kọ̀ọ́ fún ètò kan kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tí ó gba irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan náà ti wà láti rọ́pò rẹ̀.

5. Kí owó rẹ̀ wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba kí olùrànlọ́wọ́ ilẹ̀ òkèèrè tó palẹ̀ mọ́.

6. Kí òbí, oníṣẹ́ ọwọ́ àti àgbàlagbà àdúgbò ní àyè nínú ilé-ìwé, kì í ṣe ní ọjọ́ ìdáwó nìkan.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nọ́ọ̀sì tí ó wà níbí lè lọ sọ̀rọ̀ ìlera ní ilé-ìwé àdúgbò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ojú irin lè kọ́ àwọn ọmọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn ará Nomgana àti Goué kò dúró kí ayé dára kí wọ́n tó wọ inú kíláàsì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. 

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ Ẹ̀KA

1. Nínú ilé-ìwé tí ó sún mọ́ ibi iṣẹ́ yín, ta ni ó ń tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ T.P. sọ́nà? Kí ni ó ń gbà fún un?

2. Ǹjẹ́ ẹ mọ olùkọ́ tí a dá lẹ́kọ̀ọ́ fún iṣẹ́ kan, tí a sì gbé lọ sí ibi tí kò ti lò ó? Kí ni ẹ̀ka yín lè ṣe sí i?

3. Kí ni iṣẹ́ ọwọ́ yín tí ẹ lè fi kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò yín? Ta ni ẹ ó bá sọ ọ́ ní ilé-ìwé?