Kíndìnrín Ọmọ Tuntun

Ọ̀rọ̀ kíndìnrín ọmọ tuntun ni a bá wá.

Kíndìnrín méjì ló wà lára wa. Wọ́n ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, bí asẹ́ ti ń yọ èèrí kúrò lára ògì. Ìdọ̀tí a sì bá ìtọ̀ jáde.

Inú oyún ni asẹ́ yìí ti ń dàgbà. Ó ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36 kí ó tó parí. Ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò tíì parí. Ti ọmọ tó pé oṣù ti parí, ṣùgbọ́n kò tíì lágbára bíi ti àgbà.

Nítorí náà, ẹ má fún un ní omi tàbí àgbo. Ọmú ìyá nìkan tó o fún oṣù 6. Omi wà nínú rẹ̀.

Ẹ má sì dédé ra òògùn fún un. Ní 2008, májèlé wà nínú òògùn eyín kan, My Pikin. Ó ba kíndìnrín àwọn ọmọ ọwọ́ jẹ́. Ọmọ tó lé ní 80 ló kú ní Nàìjíríà.

Bí ọmọ tuntun kò bá tọ̀ láàárín wákàtí 24, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ẹ má dúró di ọ̀la.