Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Ìrora Mọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tó ń sọ òwe yìí di irọ́. Ẹni tó ní in a wọ bàtà, ìṣó a máa gún un láti òwúrọ̀, kò sì ní mọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi hàn nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ìbàjẹ́ iṣan ìmọ̀lára ni ètò yìí yóò yẹ̀ wò lónìí.

Ọ̀rọ̀ náà, 'iṣan', gba ohun púpọ̀ mọ́ra: ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, okùn tó so ẹran mọ́ egungun, àti fọ́nrán tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ. Ti ìkẹyìn yìí ni ọ̀rọ̀ kàn. Òun ni ìránṣẹ́ tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ pé omi gbóná, tàbí pé ẹ̀gún wọ àtẹ́lẹsẹ̀. Àtọ̀gbẹ wà lára ohun tó máa ń bà á jẹ́ jù lọ. Ẹ̀tẹ̀, ọtí àmujù, àìtó fítámì B12 àti àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan náà lè bà á jẹ́. Ní 1968, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde nípa irú rẹ̀ láàrin àwọn tí ẹ̀gẹ́ jẹ́ olórí oúnjẹ wọn: ẹsẹ̀ wọn kú, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ojú àti etí wọn sì ń kùnà. Oró inú ẹ̀gẹ́ ni ó fura sí. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀.

Ẹnu aláìsàn ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan a ní iná ń jó òun ní àtẹ́lẹsẹ̀ lóru; òmíràn a ní bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ òun; òmíràn a ní ẹsẹ̀ òun kú. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí gba ìbéèrè: ṣé agbára ló tán nínú ẹsẹ̀ ni, àbí ìmọ̀lára? Nínú àtọ̀gbẹ, àwọn iṣan tó gùn jù ló sábà ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Nítorí náà, láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì ni yóò ti máa gòkè, bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀, kó tó dé ọwọ́.

Lẹ́yìn èyí, dókítà a ní kí aláìsàn dijú. A fi fọ́nrán ọ̀rá tín-ín-rín kan, tó ń tẹ̀ bí agbára tí a fi tì í bá tó gíráàmù 10, kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. A gbé irin tó ń gbọ̀n lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, a sì fi òòlù kékeré gbá ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yóò sì wá ìdí rẹ̀. Bí àbààwọ́n kan bá wà lára tí kò mọ ìfọwọ́kàn, kí a rántí ẹ̀tẹ̀.

Ìtọ́jú pín sí mẹ́ta. Èkíní ni ìdí àìsàn: kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, kí aláìsàn jáwọ́ nínú ọtí, kí a fún un ní fítámì tó kù. Fún ẹ̀tẹ̀, àkópọ̀ oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní 1981 ń pa kòkòrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀lára tó ti lọ tipẹ́ kì í sábà padà. Èkejì ni ìrora: amitriptyline tàbí gabapentin, tí dókítà bá kọ ọ́, máa ń dín in kù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ̀kẹta ló wà lọ́wọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀. Níwọ̀n bí ìránṣẹ́ kò ti jíṣẹ́ mọ́, ojú ni kó gba iṣẹ́ náà ṣe. Kó yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka wò lálaalẹ́. Bí kò bá ríran dáadáa, kí ọmọ ilé bá a wò ó. Kó tọwọ́ bọ bàtà kó tó wọ̀ ọ́. Kó fi ìgúnpá wo omi gbígbóná kó tó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Kó má yáná, kó má fi abẹ gé awọ ẹsẹ̀ tó le, kó má sì rìn láìwọ bàtà. Egbò kékeré tí kò dun ènìyàn ló ń di ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gé ẹsẹ̀.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ní òbí alátọ̀gbẹ nílé má ṣe dúró de ìgbà tí yóò kígbe ẹsẹ̀. Ó lè má kígbe. Kí wọ́n bá a yẹ ẹsẹ̀ náà wò lálẹ́ òní.