Àṣìṣe ni à ń fagi lé, a kì í fagi lé ènìyàn

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀wé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí òmìnira ẹnu, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni tàdáwà pupa tí ó ti wà lórí tábìlì wa láti ìgbà tí a ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́.

Gbogbo olùkọ́ ni ó mọ ìlò tàdáwà náà. Bí ọmọ bá ṣe ìṣirò tí kò gún, a ó fagi lé e, a ó kọ èyí tí ó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ó sì dá ìwé padà fún ọmọ náà kí ó lè tún un ṣe. Kò sí olùkọ́ rere tí ó jẹ́ fa igi náà kọjá orí ìwé dé orí ọmọ. Ṣùgbọ́n àṣà kan ti dìde láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ayé òde òní, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè wa kò ju fífagi lé ènìyàn lọ. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tí ó bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú, wọn kì í dúró dá a lóhùn. Wọn a ní kí a lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí a má tẹ ìwé rẹ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a jókòó. Nínú gbogbo ọ̀ràn tí wọ́n ń bá ara wọn fà, ọ̀ràn ọlọ́pàá àti àwọ̀ ara wà lára èyí tí ó gbóná jù. Níwọ̀n bí àwọn ọmọ wa ti pọ̀ ní London àti ní Houston, tí ọ̀ràn náà sì ti ní àbúrò nílé níhìn-ín, ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹkún ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2020, ní ìlú Minneapolis, ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun kan, Derek Chauvin, fi orúnkún tẹ ọrùn George Floyd, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ṣẹkẹṣẹkẹ̀, fún ìṣẹ́jú tí ó lé ní mẹ́sàn-án, ọkùnrin náà sì kú. Ìwé tí àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ fi síta kò mẹ́nu kan orúnkún rárá. Àìlera ni wọ́n kà á sí. Ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 17 kan tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ni ó fi tẹlifóònù rẹ̀ ya àwòrán ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó sì fi í han gbogbo ayé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021 ilé ẹjọ́ dá Chauvin lẹ́bi ìpànìyàn, ní oṣù kẹfà wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 22 àti ààbọ̀. Ẹ kíyèsí èyí dáadáa. Bí a bá ti pa ọmọdébìnrin náà lẹ́nu mọ́, ìwé àwọn ọlọ́pàá ni à bá máa kà títí di òní.

Ìbínú gba ìgboro Amẹ́ríkà kan, ìbínú tí ó ní ìdí sì ni. Ṣùgbọ́n nínú oṣù tí ó tẹ̀lé e, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, ìwé ìròyìn New York Times tẹ ọ̀rọ̀ tí aṣòfin Tom Cotton kọ, pé kí a kó àwọn ọmọ ogun jáde láti fi òpin sí rúkèrúdò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn náà fúnra wọn fi ìbínú wí pé ọ̀rọ̀ náà fi ẹ̀mí àwọn òṣìṣẹ́ dúdú wéwu. Nígbà tí ó di ọjọ́ 7, olóòtú tí ojú ìwé náà wà lábẹ́ rẹ̀, James Bennet, ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní Philadelphia pẹ̀lú, olóòtú àgbà ìwé ìròyìn Inquirer fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àkọlé kan tí ó fi ilé tí a bàjẹ́ wé ẹ̀mí àwọn ènìyàn dúdú.

Ní ọjọ́ 7 oṣù keje, àwọn òǹkọ̀wé àti ọ̀mọ̀wé bí 150 fọwọ́ sí lẹ́tà kan nínú ìwé ìròyìn Harper's. Salman Rushdie wà nínú wọn, ẹni tí a ti kéde ikú lé lórí ní ọdún 1989 nítorí ìwé tí ó kọ; Wynton Marsalis, àgbà nínú àwọn afunfèrè dúdú, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ní ìjà fún ẹ̀tọ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń mú kí ènìyàn máa gbé ọ̀rọ̀ mì. Ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà àwọn mìíràn fi lẹ́tà tiwọn dáhùn. Wọ́n ní àwọn tí ó ń ké pé a di àwọn lẹ́nu ni ó ni ìwé ìròyìn ńláńlá láti fi ké e; wọ́n sì béèrè pé, ní gbogbo ọdún tí a fi di àwọn aláwọ̀ dúdú lẹ́nu nínú iṣẹ́ ìròyìn kan náà, ta ni ó kọ lẹ́tà nítorí wọn?

A kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ìbéèrè kejì yìí tọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fò ó dá. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn, kí a wo ẹni tí wọ́n ti ń fagi lé kí ọ̀rọ̀ náà tó ní orúkọ.

Ní ọdún 1892, ní ìlú Memphis, àwọn jàǹdùkú aláwọ̀ funfun fa àwọn ọkùnrin dúdú mẹ́ta jáde láti inú ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì pa wọ́n láìsí ìdájọ́, nítorí pé ilé ìtajà wọn ń gba oníbàárà lọ́wọ́ aláwọ̀ funfun kan. Ọ̀rẹ́ Ida B. Wells ni ọ̀kan nínú wọn. Olùkọ́ bí tiwa ni obìnrin yìí rí. Ní ọdún 1891 ni wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ilé ẹ̀kọ́ tí a fún àwọn ọmọ dúdú kò dára. Ìwé ìròyìn tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ ń jẹ́ Free Speech, èyí tí í ṣe Òmìnira Ọ̀rọ̀. Nígbà tí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé irọ́ ni ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń bo ìpànìyàn náà mọ́lẹ̀, wọ́n wó ilé ìtẹ̀wé náà, wọ́n sì búra pé bí ó bá padà sí ìlú, pípa ni. Ó wà lájò nígbà náà. Kò lè padà wá gbé Memphis mọ́. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́, ó ń sọ ọ́ ní New York, ó ń sọ ọ́ ní Chicago, ó sì gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ tún gbọ́ òmíràn. Ní ọdún 1960, àwọn alátìlẹ́yìn Martin Luther King sanwó fún ìkéde nínú New York Times, láti sọ bí àwọn ọlọ́pàá Montgomery ní Alabama ṣe ń ṣe sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú. Àṣìṣe kéékèèké wà nínú ìkéde náà: ó ní wọ́n ti mú King nígbà méje, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni. L. B. Sullivan, ẹni tí ó ń ṣe àbójútó ọlọ́pàá ìlú náà, pẹjọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò dárúkọ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ Alabama ní kí ìwé ìròyìn náà àti àwọn oníwàásù dúdú mẹ́rin san 500,000 dọ́là; wọ́n tilẹ̀ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ díẹ̀ nínú àwọn oníwàásù náà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 1964, gbogbo adájọ́ mẹ́sàn-án ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ náà nù. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ wí, àfi bí ó bá fi hàn pé onítọ̀hún mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa, tàbí pé kò bìkítà bóyá òtítọ́ ni tàbí irọ́. Ẹ rí i pé nínú ìyà àwọn ènìyàn dúdú lábẹ́ ọlọ́pàá ni òfin òmìnira ẹnu ti Amẹ́ríkà ti gba agbára tí ó ní lónìí. Ẹni tí ó bá sọ pé òmìnira ẹnu jẹ́ ohun ìní àwọn alágbára nìkan kò mọ ẹni tí ó gbẹ́ kànga náà.

Nítorí èyí ni ó fi ń dùn wá bí àwọn tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ bá mú ohun ìjà àwọn ará Memphis lò. Kò sì jẹ́ ìhà kan nìkan ni ó ń lò ó. Ní ọdún 2016 Colin Kaepernick, agbábọ́ọ̀lù dúdú, kúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè, láti fi ṣọ̀fọ̀ àwọn tí ọlọ́pàá ń pa. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì fọ́ ilé ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní 2017, kò sí ẹgbẹ́ tí ó gbà á, Ààrẹ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ sì wí ní ọdún náà pé kí a lé irú wọn dànù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ fún èyí ni ó ń sunkún nípa òmìnira ẹnu ní 2020. Ẹni tí ó bá ń gbèjà ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan, ọ̀rẹ́ ni ó ń gbèjà.

Àwọn kan yóò béèrè pé, ṣé kí a kàn máa wo ẹni tí ó ń sọ̀sọkúsọ ni? Rárá o. Bíbá ènìyàn jiyàn, kíkọ̀wé tako ọ̀rọ̀ rẹ̀, fífi òtítọ́ dójú tì í, gbogbo èyí wà nínú òmìnira. Ẹni tí ó bá sì pa ènìyàn, tàbí tí ó ní kí a lọ pa ènìyàn, ọ̀ràn ilé ẹjọ́ ni tirẹ̀. Ohun tí a kọ̀ ni kí a fi ebi àti ìtìjú dá ìbéèrè lóhùn. Ní ọdún 2016 kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Roland Fryer ti Harvard, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ka àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ó rí i pé wọ́n ń taari aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì ń fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ dè wọ́n ju aláwọ̀ funfun lọ. Ṣùgbọ́n ní ti ìbọn yíyìn, kò rí ìyàtọ̀ nínú ìwé tí ó kà. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn kọ̀wé tako ọ̀nà tí ó gbà ṣe ìṣirò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí: ìwé dojú kọ ìwé. Ìhà méjèèjì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tẹ́ lọ́rùn, àwọn tí ó sì fẹ́ tún iṣẹ́ ọlọ́pàá ṣe kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Àwa Yorùbá mọ èyí tipẹ́. Àwọn baba wa ní, agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ Òkèbàdàn ń bẹ tí a ń kọrin bú ìjòyè tí a kì í mú ẹnikẹ́ni. Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa, ọ̀kọrin Ẹ̀fẹ̀ a máa sọ àṣìṣe ọlọ́lá ní gbangba, ilẹ̀ a mọ́, ìlú kò sì túká. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a fi àwọn baba wa yangàn jù, nítorí ìdánwò dé bá àwa náà ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde ní Èkó àti káàkiri láti tako àwọn ọlọ́pàá SARS. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà àwọn ọmọ ogun yìnbọn ní Lekki. Ìjọba ní kí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta san owó ìtanràn nítorí ìròyìn wọn. Ní 2021 wọ́n sì ti Twitter pa fún oṣù méje.

Ohun tí ìjọba ṣe nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí àwa ṣe.

Ní ọdún 2021, nínú kíláàsì wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jiyàn lórí ọ̀ràn yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní ẹ̀gbọ́n òun jẹ́ ọlọ́pàá, pé wọ́n sun àgọ́ tí ó ti ń ṣiṣẹ́, inú igbó ni ó sì sùn mọ́jú. Ó ní gbogbo ọlọ́pàá kọ́ ni apànìyàn. Kò tí ì sọ̀rọ̀ tán tí ariwo fi sọ. Wọ́n pòṣé, wọ́n pè é ní ọmọ SARS, ó sì jókòó. Láti ọjọ́ náà kò sí ẹni tí ó bá a jẹun mọ́. Àwa olùkọ́ dúró níwájú kíláàsì, a sì dákẹ́. A bẹ̀rù kí wọ́n má baà wí pé lẹ́yìn apànìyàn ni a wà.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kan tí SARS ti fi ìyà jẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí ilé wa. Ó ní, “Bàbá, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi í lọ́jọ́ náà, ariwo ni kò jẹ́.” Ìgbà náà ni a rántí ohun tí Frederick Douglass sọ ní Boston ní oṣù kejìlá ọdún 1860, lẹ́yìn tí àwọn jàǹdùkú tú ìpàdé àwọn tí ó ń tako òwò ẹrú ká: pé bí a bá di olùsọ̀rọ̀ lẹ́nu, a ti ja olùgbọ́ lólè pẹ̀lú. A ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà, a kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí ìdákẹ́ wa, lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin náà bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n rẹ, ǹjẹ́ ó rí ohun tí wọ́n ń ṣe rí? Kí ni ó sọ?” Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun rí i, kò sì sọ nǹkan kan, nítorí ẹni tí ó bá sọ, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn méjèèjì kò di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà gba ìdáhùn tí ó ń wá, àwa náà sì rí i pé ẹ̀rù kan náà ni ó di ọlọ́pàá náà lẹ́nu ní àgọ́ rẹ̀, tí ó di olùkọ́ lẹ́nu ní kíláàsì rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rù bá ti jọba, ìwà ìkà a ráyè.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá dìde láti sọ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ó parí rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn ní ìyè kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa yín lẹ́nu mọ́ lórí ìkà tí ẹ bá rí. Ẹ má sì pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́. Tàdáwà pupa wà fún àṣìṣe. Ẹ fagi lé e dáadáa, ẹ kọ èyí tí ó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì dá ìwé padà fún ẹni tí ó ni ín.

Kí Ọlọ́run fún wa ní etí tí ó ń gbọ́ àti ẹnu tí kò bẹ̀rù.