Àmánà Ni Ìbò: Ẹ̀kọ́ Ọdún 1991 ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Adájọ́ tí kì í ṣe ojúsàájú. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Mushin, Yaba àti Surulere, ní ọdún 1991, ẹgbẹ́ òṣèlú SDP dìbò abẹ́lé láti yan ẹni tí yóò díje fún ipò gómìnà Èkó. Fẹ́mi Agbálájọbí àti Dàpọ̀ Ṣàrùmí ni wọ́n jọ wọ̀yá ìjà. Awuyewuye bẹ́ sílẹ̀ lórí èsì rẹ̀, ìhà kan kò sì gbà fún èkejì, títí ìjọba ológun fi yọ àwọn méjèèjì kúrò. Yọmí Edu ni ẹgbẹ́ wá fà kalẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti pín. Ní oṣù December, Michael Ọ̀tẹ̀dọlá ti ẹgbẹ́ NRC ni ó wọlé. Àwọn ará Èkó kò sì kọ SDP: òun ni wọ́n dìbò fún jù ní 12 June 1993. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Àmánà ni ìbò. Sura Nisai, aaya 58, pa á láṣẹ kí á dá àmánà padà fún ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó ń jó ìjó ìborí nígbà tí a kò tíì ka ìbò tán, ẹlẹ́rìí ara rẹ̀ ni. Ọ̀dọ́ tí wọ́n bá sì rán láti ṣọ́ ìbò, tí ó kọ ogún sí ipò mẹ́wàá nítorí ọ̀gá rẹ̀, òun ni yóò jíhìn lọ́la, kì í ṣe ọ̀gá nìkan.

Kí Ọlọ́hun fi gbogbo Mùsùlùmí sí ọ̀nà òdodo. Àmín.