Àwọn Ọmọ Ta Ló Jókòó sí Kíláàsì Náà?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn olóore sọ ní ìpàdé wa ní Àgùdà

 

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa Alhaja, ẹ̀yin olóore tí ẹ ń yọ sàká yín nítorí àwọn ọmọ òrukàn, mo kí yín. Kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé tó kọjá kò tíì tán nílẹ̀. Àwọn kan nínú wa wo èsì ìdánwò àwọn ọmọ wa tó wà ní JSS ní ilé-ìwé ìjọba, wọ́n ní owó sàká ń ṣòfò, pé kí a kó àwọn ọmọ náà lọ sí ilé-ìwé aládàáni. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Èmi gan-an sọ lọ́jọ́ náà pé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ yìí. Láti ìgbà náà mo ti lọ wádìí, mo sì wá tọrọ àforíjì.

Ọmọ mélòó ló yege? Ohun tí gbogbo wa ń bèèrè nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: àwọn ọmọ ta ló jókòó sí kíláàsì náà?

Ní October 1979 ni ìjọba Alhaji Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ìjọba yẹn kọ́ kíláàsì púpọ̀, ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ó sì fòpin sí ètò tí àwọn kan fi ń lọ ilé-ìwé láàárọ̀ tí àwọn mìíràn ń lọ lọ́sàn-án. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Lórí bẹ́ǹṣì kan náà ni ọmọ òṣìṣẹ́ báǹkì àti ọmọ oníàkàrà ń jókòó sí. Bí òrùlé bá ń jò, òṣìṣẹ́ báǹkì á lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n á sì gbọ́ tirẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Èkó ka ilé-ìwé aládàáni láàrin 2010 àti 2011, wọ́n lé ní 12,000. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ti rí owó díẹ̀ ti kó ọmọ tirẹ̀ jáde. Ta ló wá pọ̀ nínú àwọn tó kù? Ọmọ òrukàn, ọmọ tí ìyá àgbà ń tọ́, ọmọ tí wọ́n mú wá láti ìlú òkè kó wá máa gbé lọ́dọ̀ ẹbí, ọmọ tó ń kiri ọjà. Bí òrùlé bá ń jò lónìí, ta ni nínú òbí wọn ni wọn yóò gbọ́ tirẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní 1966 ní Amẹ́ríkà, James Coleman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 600,000. Wọ́n rí i pé ilé tí ọmọ ti wá ń hàn nínú èsì rẹ̀ ju bí ilé-ìwé ṣe rí lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé olùkọ́ rere ń ṣe ọmọ aláìní láǹfààní ju bó ṣe ń ṣe ọmọ olówó lọ. Nítorí náà, kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti ní kò sí ohun tí a lè ṣe.

Mo lọ sí ilé-ìwé kan tí àwọn ọmọ wa wà. Olùkọ́ ṣí ìwé tó fi ń pe orúkọ. Ọmọbìnrin wa kan kì í dé ní àràárọ̀ àfi lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ìṣirò bá ti parí, nítorí òun ló ń ru ẹrù ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Ìṣirò ló sì ti gba òdo. Ọmọkùnrin kan wà tó ń ka Yaasin láti orí ní ilé-kéú, tí ohùn rẹ̀ dùn. Mo gbé ìbéèrè ìdánwò fún un, kò lè ka gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ tán. Ṣé orí ọmọ tó há Yaasin kú ni? Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ láti kàwé dáadáa kó tó wọ JSS ni.

Lóòótọ́, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan, títí dé JSS 3. Ṣùgbọ́n òfin kì í ra bàtà, kì í san owó mọ́tò, kì í sì í gba ẹrù lórí ọmọ.

Bí a bá kó wọn lọ sí ilé-ìwé aládàáni, owó wa yóò ká díẹ̀ nínú wọn. Àwọn yòókù ńkọ́? Ta ni yóò lọ sọ fún wọn? Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe nìyí:

Kí á bá alágbàtọ́ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀, kí á ràn án lọ́wọ́ nínú òwò rẹ̀ bó bá jẹ́ aláìní, kí ọmọ lè dé ilé-ìwé lásìkò.

Kí á ra ìwé àti aṣọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Kí á ṣí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní ilé-kéú wa, fún ìwé kíkà àti ìṣirò. Ẹní wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀.

Kí ẹni méjì nínú wa máa lọ wo ìwé orúkọ ní ilé-ìwé ní sáà kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn náà jẹ́ òbí tí wọn yóò gbọ́ tirẹ̀.

Lórí owó, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Suuratu Taobah ka ìsọ̀rí mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Ọmọ òrukàn ń wọlé síbẹ̀ nítorí àìní rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé bàbá rẹ̀ kú nìkan. Nítorí náà, kí sàká dé ọwọ́ ọmọ àti alágbàtọ́ tó jẹ́ aláìní. Kí owó olùkọ́ ìrọ̀lẹ́ ti inú sàráà wá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi.

Lẹ́yìn ogun Badr, ìtàn sọ pé Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, gbà kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan tí kò ní owó ìràpadà kọ́ àwọn ọmọ Mẹ̀dínà ní ìwé kíkọ, kí ìyẹn sì dúró fún owó wọn. Ọmọ òrukàn ni òun náà. Ó mọ iye tí ìwé tó.

Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí á wà lára àwọn tó ń lé ọmọ òrukàn sẹ́yìn. Àmín.

Maa salaam.