Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kan: Temperance, àti Ohun tí Àwa Yorùbá Fi Ṣe Ìtumọ̀ Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù)

 

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, nígbà tí a ń jíròrò lórí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń fún àwọn olùkọ́ wa ní ìyọnu, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè bi wá pé, kí ni Yorùbá ń pe temperance? Kí a tó la ẹnu, ẹnì kan ti dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Àìmutí ni." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ìdáhùn náà sì tẹ́ ọ̀pọ̀ lọ́rùn. Kò tẹ́ àwa lọ́rùn, ṣùgbọ́n a kò ní èyí tí ó sàn jù ú lọ lẹ́nu ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ojú sì tì wá díẹ̀, nítorí ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí yóò di olùkọ́. Gbèsè tí a jẹ Olóyè náà ni a wá san lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú ilé ti ara wa. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì, iṣẹ́ tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, wọ́n bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, temperance wà níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń sọ̀rọ̀ níwájú Fẹ́líksì, ó wà nínú èso ti Ẹ̀mí nínú ìwé sí àwọn ará Gálátíà, ó sì wà nínú Episteli kejì ti Pétérù. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan ṣoṣo ni ó wà ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí ni enkrateia, tí ó túmọ̀ sí pé kí ènìyàn ní agbára lórí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Bíbélì Yorùbá tí gbogbo wa jogún, ọ̀rọ̀ méjì ni a rí. Níwájú Fẹ́líksì àti lọ́dọ̀ Pétérù, àìrékọjá ni. Nínú èso ti Ẹ̀mí, ìkóra-ẹni-níjàánu ni.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti jìnnà sí ara wọn. Àìrékọjá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó mọ ààlà oko rẹ̀. Ìkóra-ẹni-níjàánu jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ṣin. Ti ìṣáájú fi odi sí iwájú ènìyàn. Ti ìkejì kò bá odi wí, ó gbà pé agbára wà nínú ẹṣin, ó sì ní kí ẹni tí ó gùn ún di ìjánu mú. (Ọmọ kíláàsì kan ti kọ ọ́ sínú ìdánwò wa rí pé àìrékọjá ni àwọn Júù tí kò bá wọn ṣe àjọ Ìrékọjá. A fún un ní máàkì kan nítorí pé ó ronú.)

Ọ̀rọ̀ Òyìnbó náà, bí a bá tọ̀ ọ́ dé orísun, kò ní ààlà nínú, kò sì ní ìjánu nínú. Inú èdè Látìn ni ó ti wá, láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe temperare, èyí tí í ṣe kí a po nǹkan méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ ní ìwọ̀n tí ó yẹ, kí ọ̀kan má ba à borí èkejì. Àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù kì í mu wáìnì ní ògidì; omi ni wọ́n ń bù là á. Ìkòkò ńlá tí àwọn Gíríìkì fi ń pò ó, kratēr, láti inú pípò náà ni orúkọ rẹ̀ ti jáde. Ẹni tí ó bá mu ún láìbu omi sí i, aláìlajú ni wọ́n kà á sí. Herodotus òpìtàn sọ pé àwọn ará Spáta gbàgbọ́ pé Kleomenes ọba wọn ya wèrè nítorí pé ó kọ́ àṣà mímu wáìnì ògidì lọ́dọ̀ àwọn ará Skythia.

Ní ilẹ̀ wa, ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní ya ẹnu? Adẹ́mu tí ó bá bu omi la ẹmu, ṣé ọlọ́gbọ́n ni à ń pè é? Olè ni à ń pè é, àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò sì tú ká. Nínú èdè wa, ohun tí ó ní àbùlà ti bàjẹ́. Bí a bá fẹ́ yin ìfẹ́ ẹnì kan, a ó ní kò ní àbùlà. Nítorí náà, bí àwọn atúmọ̀ wa tilẹ̀ mọ Látìn dé gbòǹgbò, kò sí bí wọn ìbá ti gbé àwòrán yìí wọ Yorùbá kí ó má di èébú. Wọ́n ní láti wá àwòrán mìíràn, wọ́n sì lọ sí oko àti sí ibùjẹ ẹṣin.

Àwọn ọmọ ọ̀rọ̀ Látìn yìí pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó sì rí i pé ojú kan náà ni gbogbo wọ́n ní. Irin tí alágbẹ̀dẹ bá mú pupa nínú iná, tí ó sì rì bọ omi lójijì, a máa le, ṣùgbọ́n a máa ṣẹ́ bí àwo. Ó ní láti tún fi iná pẹ̀lẹ́ yá a títí líle rẹ̀ yóò fi dín díẹ̀, kí ó lè gé igi kí ó má sì ṣẹ́. Iṣẹ́ yìí ni Òyìnbó ń pè ní temper. Àwọn tí ń yí ohùn dùùrù ṣe náà ní irú rẹ̀, níbi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ti ń yọ̀ǹda díẹ̀ nínú pípé rẹ̀ kí gbogbo wọn lè bá ara wọn gbé. Bach fi ọ̀rọ̀ náà sínú àkọlé ìwé orin kan ní 1722. Ní ti ara ènìyàn ẹ̀wẹ̀, àwọn oníṣègùn àtijọ́ kọ́ni pé omi mẹ́rin ni ó pò pọ̀ nínú wa: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro aláwọ̀ ìyeyè, àti òróòro dúdú. Ìwà ẹni, bí wọ́n ti pò ni. Nítorí náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ nípa ẹni tí inú bí kọjá àlà pé ó sọ temper rẹ̀ nù. A ó padà sórí èyí.

Ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú ìbí Olúwa, Cicero ará Róòmù fẹ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan, sophrosyne, tí í ṣe ọgbọ́n ẹni tí ó mọ ara rẹ̀ dúró. Ó ní òun a máa pè é ní temperantia, nígbà mìíràn moderatio, nígbà mìíràn modestia. Ìtùnú ni èyí jẹ́ fún wa: kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ kan ń di méjì tàbí mẹ́ta mọ́ lọ́wọ́. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí ọwọ́ Ìjọ, tí a sì kà á mọ́ àwọn ìwà rere mẹ́rin tí ìyókù rọ̀ mọ́. Àwọn ayàwòrán a máa yà á ní obìnrin tí ń da omi láti inú ìgò kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n ní Padua, ní ilẹ̀ Ítálì, ní nǹkan bí 1305, Giotto ya obìnrin náà pẹ̀lú ìjánu lẹ́nu, ó sì fi okùn di idà rẹ̀ mọ́ inú àkọ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí àwòrán yìí nínú ìwé kan, a pariwo nínú yàrá àwa nìkan. Ìkóra-ẹni-níjàánu ni, tí ó ti wà lára ògiri ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún kí a tó kọ ọ́ ní Yorùbá!

Ní 1590, Spenser akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi apá kejì ewì ńlá rẹ̀ fún Guyon, akọni temperance. Ìbínú, owó, àti adùn ara ni ó bá jà. Ọtí kàn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó bá lọ́nà.

Báwo ni ó ti wá di ti ọtí nìkan? Ní 1826 a dá ẹgbẹ́ temperance kan sílẹ̀ ní Boston ní Amẹ́ríkà. Ọtí líle ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀. Wọn kò ka wáìnì àti bíà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní 1832, ní Preston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Joseph Livesey tí ń ta wàràkàṣì àti àwọn mẹ́fà mìíràn fọwọ́ sí ẹ̀jẹ́ pé àwọn kò ní fẹnu kan ọtí kankan mọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ìkòkò tí a ti ń po wáìnì ti di orúkọ ẹni tí kò gbọdọ̀ tọ́ wáìnì wò. Amẹ́ríkà fi òfin dè é fún gbogbo ìlú ní 1920. Wọ́n tú òfin náà ká ní 1933.

Ọ̀rọ̀ tí ó ti rù báyìí ni ó gúnlẹ̀ sí Èkó. A kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell àti Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson tí wọ́n bá òwò jíìnì jà. Jíìnì tí ọkọ̀ ń kó wá pọ̀ gidigidi, owó bodè orí rẹ̀ sì jẹ́ ìpín ńlá nínú owó tí ìjọba Gúúsù Nàìjíríà ń ná, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi yan ìgbìmọ̀ ìwádìí lé e lórí ní 1909. Ìjà tí ó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń jagun kì í ní àyè láti tú ọ̀rọ̀ wò.

Àwa fúnra wa jẹ̀bi nínú èyí. Nígbà tí a jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́, ẹgbẹ́ àìmutí wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a wà, gbogbo ọmọ sì ti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀jẹ́. Ọmọkùnrin kan lọ síbi ìsìnkú bàbá bàbá rẹ̀, ó mu ẹmu, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. A nà án. A nà án títí pàṣán fi ṣẹ́, a sì ní kí wọ́n mú òmíràn wá. Ọmọ náà kò padà sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Àgbà olùkọ́ kan tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà sọ fún wa ní Gẹ̀ẹ́sì pé a ti sọ temper wa nù nítorí temperance. A rò pé ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó di ọdún púpọ̀, nígbà tí a ń kọ́ Látìn, kí a tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ó pè lẹ́ẹ̀méjì. Kò sí ẹ̀kán ọtí kan lẹ́nu wa lọ́jọ́ náà.

Ǹjẹ́, Olóyè, ìdáhùn wa nìyí. Àìmutí jẹ́ ẹ̀ka kan nínú abstinence, tí í ṣe ìtakété. Ẹ fi í síbẹ̀. Moderation ti ara modus wá, èyí ni òṣùwọ̀n. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì sì bá a mu rẹ́gí, nítorí ó mú wa rántí ẹni tí ó wọn nǹkan tí ó sì tún un wọ̀n. Sobriety ni ojú tí ó mọ́, àìmutípara. Àìrékọjá ni Bíbélì wa sì lò fún un nínú Episteli kìíní ti Pétérù, tí ọ̀rọ̀ náà fi di ẹlẹ́rù méjì. Ní ti temperance, a fara mọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu. Àwọn Òyìnbó pàápàá ti ń bọ̀ síbẹ̀: nínú Bíbélì wọn ti 1901 àti nínú Májẹ̀mú Titun ti 1946, self-control ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ nínú èso ti Ẹ̀mí.

Síbẹ̀ ọkàn wa kò tíì balẹ̀ pátápátá, nítorí àwòrán pípò náà ti sọnù, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ṣe àjèjì sí wa tó bí a ti rò. Ìyá ìyá wa jẹ́ aláró. Ó máa ń fi ahọ́n tọ́ omi eérú wò kí ó tó da ẹ̀lú sí i. Bí ó bá mú jù, ó ní aṣọ yóò gbó. Bí kò bá mú tó, aró kò ní wọ inú aṣọ. Nígbà tí ó bá sì ṣe déédéé, ọ̀rọ̀ kan wà tí í máa ń sọ fún àwọn obìnrin tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀. A kéré nígbà náà, wọ́n sì mú wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kí a tó gbọ́ ọ tó láti mọ̀ ọ́n sórí. Bí ìyá tàbí ìyàwó ẹnikẹ́ni nínú yín bá ṣì ń rẹ aró, a bẹ̀ yín, ẹ bá wa béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì mú un wá ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀.